Ilẹ̀kùn Aláwọ̀ Ewé

Kò ní pátákó. Emrys ti kìlọ̀ fún mi:
"Tí o bá rí pátákó, o ti ṣìnà.
Gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ti jìn,
sọdá afárá tí kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ.
Tí ajá bá gbó ọ, ilé aládùúgbò lo yà sí;
ajá Nesta kì í gbó, ó ti dàgbà kọjá ariwo."

Oṣù kẹta ni, nínú àfonífojì kan nílẹ̀ Wélìsì,
òjò ń bọ́ wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n ń ku èlùbọ́.
Fóònù mi ní òun ò mọ ibi tí a wà mọ́.
Èmi náà ò mọ̀. A jọ dákẹ́.
Ọ̀nà ń tínínrín sí i, igi ẹlẹ́gùn-ún ń ha ọkọ̀ lára,
títí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan fi yọ sí mi,
àti ajá kan tó gbójú sókè, tó wò mí, tó tún sùn.

Pálọ̀ ni. Pálọ̀ ìyá àgbà:
àga onígi mẹ́rin, igi tútù tó ń ráhùn nínú iná,
aago tó ti kú sí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú
(ọ̀sán ni àbí òru, kò sẹ́ni tó rántí),
àwòrán àgbò kan tó gba ẹ̀bùn, nínú férémù oníwúrà,
àwòrán ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àgbò, kò ní férémù.
Fèrèsé kékeré kan lára ògiri ni ọtí ti ń jáde,
jọ́ọ̀gì amọ̀ kan, ọwọ́ kan tó rí bíi gbòǹgbò.
"Kíkún ni àbí ààbọ̀?"
Kò bi mí ní irú èyí tí mo fẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní.
Ó korò díẹ̀, ó sì ń ta sánsán bíi búrẹ́dì àárọ̀.

Mi ò tíì mu ún dé ìdajì tí tẹlifóònù fi dún,
irú èyí tó ní okùn, tó ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa.
"Ìdí ló kọ́kọ́ yọ?" ni Nesta wí. "Má fà á. Mò ń bọ̀."
Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, ó ju ọṣẹ sápò,
ó wò mí bí ẹni ń wo ẹran lọ́jà:
"Ìwọ, ọwọ́ rẹ mọ́. Dúró sídìí fèrèsé.
Agolo bísíkíìtì ni owó ń lọ.
Idwal ò gbọdọ̀ mu ìkẹta, bó ti wù kó bẹ̀ ọ́ tó."
Mi ò mọ̀ bóyá ọṣẹ ló ń wí tàbí ìwà.
Kí n tó ní àlejò ni mí, iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń gun òkè.

Báyìí ni mo ṣe di ọlọ́tí.

Gwilym wọlé, Hefin tẹ̀lé e, ọmọ ìyá kan náà,
tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá
nítorí ọgbà kan tó yẹ̀ sápá òsì.
Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí.
"Sọ fún un kó sún," ni Gwilym wí fún mi.
Mo sọ fún un. Ó sún.
Kò sẹ́ni tó béèrè ta ni mí.
"Àgùntàn ta ni?" nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Idwal ló dé kẹ́yìn. Ó mu ọ̀kan, ó mu èkejì,
ó rọra gbé ife òfìfo síwájú mi.
Kò bẹ̀ mí. Iná ló ń wò.
Ó ní, "Nígbà tí Eluned wà láyé,
tí mo bá dé orí ìkẹta ló máa ń wá mú mi."
Mo bu omi sínú ife náà.
Ó mu ún tán. Ó sì sanwó rẹ̀.

Nesta padà dé, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́,
òórùn irun àgùntàn tútù kún inú ilé.
"Méjì ni," ó wí. "Ọ̀kan mí."
Gwilym bọ́ fìlà. Hefin náà bọ́ tirẹ̀.

Ó ka owó inú agolo, ó tún un kà.
"Owó ti lé. Ta ló sanwó omi?"
Mo yíjú sí iná.
"Lọ́la," ó ní, "aago mẹ́fà. Má pẹ́."
Ilé mi jìnnà, ọgọ́rin máìlì ni.
Mo gbé ife Idwal, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.